Fáànù Tí Alájì Màmúdù Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Dì

Alájì Màmúdù kì í dúró. Kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, kò sì sí ẹni tó ń lé e. Ọkọ̀ rẹ̀ ni kò gbọdọ̀ dúró. Bí ọkọ̀ náà bá ti ń rìn báyìí, éésì inú rẹ̀ á máa fẹ́ atẹ́gùn tó tutù bí omi inú àmù. Àmọ́ jẹ́ kó dúró díẹ̀ ní Bẹẹrẹ, bóyá ewúrẹ́ kan ń kọjá tàbí ọlọ́kadà méjì dí ọ̀nà tí wọ́n ń bú ara wọn, lójú ẹsẹ̀ ni éésì á bẹ̀rẹ̀ sí í mí ooru síni lójú, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ata tán tó wá ń sọ̀rọ̀ síni létí.

Ẹlòmíì ìbá yí gíláàsì sílẹ̀. Alájì ò jẹ́ ṣe é láéláé. Lójú tiẹ̀, alájì tó bá yí gíláàsì ọkọ̀ sílẹ̀ láàárín Ìbàdàn, kó kúkú gun orí òkè Màpó lọ kéde pé éésì òun ò ṣiṣẹ́. Òun sì ni ọ̀gá àwọn ríwáyà, àwọn tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, láti Bẹ́yẹrúnkà títí dé Àrẹ̀mọ. Kò sí ríwáyà kan ládùúgbò tí kì í ṣe ọmọṣẹ́ rẹ̀ tàbí ọmọṣẹ́ ọmọṣẹ́ rẹ̀. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá máa làágùn nínú ọkọ̀ ara rẹ̀? Ó dà bí ìgbà tí alágbẹ̀dẹ bá ń fi eyín gé iṣu.

Bó ṣe di ẹni tí kì í dúró nìyẹn. Bó bá fẹ́ ra búrẹ́dì, á ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀ lórí ìrìn, oníbúrẹ́dì á máa sáré tẹ̀lé e. Ó ní ṣíṣí ilẹ̀kùn yàtọ̀ sí yíyí gíláàsì. Nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín oníṣu kan àti oníbàtà kan ní Bẹẹrẹ, tí wọ́n ní àfi kí Alájì bá àwọn parí ẹ̀, ráńdàbáàtì ló ń yí po títí tó fi parí ẹjọ́ náà. Bó bá yí dé ọ̀dọ̀ oníṣu, oníṣu á rojọ́ tiẹ̀ díẹ̀. Bó bá yí dé òdìkejì, oníbàtà á fèsì. Ẹjọ́ yẹn jẹ epo. Wọ́n ní ìdájọ́ náà tọ́ gan-an, àmọ́ oníṣu ti dárí ji oníbàtà tán kí oníbàtà tó gbọ́ pé òun ló jẹ̀bi.

Ọmọbìnrin Alájì yìí, Mutmainnah, ni Misbaudeen fẹ́ẹ́ fẹ́.

Ríwáyà ni Misbaudeen náà, ọmọ Ìdí Arẹ̀rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí kò lè sọ di àwàdà. Ọ̀dọ̀ Hezekiah ní Òkè-Àdó ló ti kọ́ṣẹ́, Hezekiah sì ni àkọ́kọ́ nínú gbogbo ọmọṣẹ́ tí Alájì kọ́. Mutmainnah ní tiẹ̀ ń ránṣọ ní iwájú ilé wọn ní Bẹ́yẹrúnkà. Sísọ́ọ̀sì rẹ̀ mú, ahọ́n rẹ̀ tún mú jù ú lọ.

Ọjọ́ tí Misbaudeen lọ dọ̀bálẹ̀ fún Alájì, Alájì ò ní kó dìde. Ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀ kó máa wo èèrà.

“Ìwọ ni wọ́n ní o fẹ́ fẹ́ ọmọ mi?”

“Èmi ni, sà.”

“Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?”

“Ríwáyà ni mí, sà. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá Hezekiah ni mo ti kọ́ ọ.”

“Hẹn-ẹ́n. Ṣóo rí ọkọ̀ yẹn?”

Misbaudeen gbé ojú sókè díẹ̀. Ó rí táyà.

“Gbogbo ríwáyà ilẹ̀ yìí ló ti wò ó,” Alájì ń bá ọ̀rọ̀ lọ. “Wọ́n rọ gáàsì sí i títí. Wọ́n pààrọ̀ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Bí mo bá ti dúró, ooru. Ní Sátidé, ìwọ lo máa wa ọkọ̀ gbé mi lọ sí Ọjà'ba. A ó dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ibẹ̀. Bí mo bá làágùn, máa lọ sílé ẹ, kóo má padà wá mọ́. Ẹni tí ò lè mú kára tù mí nínú ọkọ̀, báwo ló ṣe máa mú kára tu ọmọ mi nílé?”

“Ó yé mi, sà.”

“Ó yé ẹ, o sì ṣì wà nílẹ̀? Dìde, lọ ṣiṣẹ́!”

Misbaudeen dìde, ó gbọn eruku àyà, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ní kí Mutmainnah bọ́ sínú ọkọ̀, kó ṣíná sí i, kó tan éésì. Ó wo fíúsì, fíúsì ò jó. Ó wo gáàsì, gáàsì pé. Ó fọwọ́ kan páìpù, ọ̀kan tutù, èkejì gbóná débi pé díẹ̀ ló kù kó bó o lọ́wọ́.

Ìyẹn ti sọ nǹkan fún un. Ooru tí éésì bá kó jáde nínú ọkọ̀, iwájú ló ń kó o lọ, síbi rádíétọ̀ tiẹ̀, kí atẹ́gùn ìta lè bá a gbé e lọ. Bí ọkọ̀ bá ń rìn, atẹ́gùn ojú ọ̀nà á ṣe iṣẹ́ yẹn fúnra rẹ̀. Bó bá dúró, ó ku fáànù. Fáànù méjì sì ni ọkọ̀ náà ní, ọ̀kan fún ẹ́ńjìnnì, ọ̀kan fún éésì. Ti ẹ́ńjìnnì ò níṣòro. Ti éésì náà ń yí. Ó ń yí kíkankíkan, ariwo rẹ̀ dà bíi ti ẹ̀rọ ìlọta, kò sẹ́ni tó lè ka ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀.

Misbaudeen ṣa làílọ́ọ̀nù kan nílẹ̀, ó gbé e síwájú ọkọ̀ níbi tí fáànù ti yẹ kó fà á mọ́ra. Làílọ́ọ̀nù ò lẹ̀. Ńṣe ló fò padà, ó gbá a lójú. Ó tún gbé e síbẹ̀. Ó tún gbá a lójú.

“Misbau, ṣé eré lò ń ṣe ni?” Mutmainnah pariwo látinú ọkọ̀.

“Bọ́ọ́lẹ̀ wá wò ó. Fáànù tó yẹ kó máa fà, ńṣe ló ń tì!”

Fáànù iná báyìí, bí wọ́n bá so wáyà rẹ̀ kan sí ààyè èkejì, á yí, àmọ́ á yí sódì. Ooru tó yẹ kó kúrò níwájú, fáànù Alájì ń tì í padà síbẹ̀ ni. Kò ju kí wọ́n tú wáyà méjì, kí wọ́n gba ààyè ara wọn, kí wọ́n dì í padà. Iṣẹ́ tí èèyàn lè ṣe kí ẹ̀wà tó hó ni.

Misbaudeen tẹ̀ ba láti wo ìdí wáyà, ara rẹ̀ sì tutù láìsí éésì. Téèpù dúdú ló wà níbẹ̀. Lórí téèpù, òwú aláwọ̀ ewé, wọ́n dì í ní kókó, wọ́n gé etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ féfé. Kò sí ríwáyà tí kò mọ òwú yẹn. Alájì nìkan ló ń dì í.

Láàárín àwọn ríwáyà, òfin kan wà tẹ́nì kan ò kọ síbì kankan: wáyà tí ọ̀gá bá ti dì, ọmọṣẹ́ kì í tú u. Ẹni tó bá tú ìdì ọ̀gá ti sọ pé ọ̀gá ò mọṣẹ́. Ẹni tó bá sì sọ pé ọ̀gá ò mọṣẹ́, òun alára ò kọ́ṣẹ́ nìyẹn, torí ta ló kọ́ ọ? Gbogbo àwọn tó ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn ṣáájú Misbaudeen ló rí òwú, wọ́n kí i, wọ́n sì lọ wá nǹkan mìíràn pààrọ̀.

“Bàbá ló fi fáànù yẹn sí i nígbà ààwẹ̀,” ni Mutmainnah wí. “Tọ́kúnbọ̀ ni. Wáyà méjèèjì dúdú, kò sí àmì kankan lára wọn. Ìṣínu ti fẹ́ẹ́ tó. Bó ṣe yí báyìí, wọ́n ní ‘Alíhámúdù líláì,’ wọ́n dì í, wọ́n lọ mu ẹ̀kọ.”

Misbaudeen pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù.

“Ọ̀gá, ẹ ti wo ọkọ̀ Alájì yìí rí, àbí?”

“Mo wò ó,” ni Hezekiah dáhùn.

“Ṣé ẹ rí òwú?”

“Mo rí òwú, mo pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. Mo rọ gáàsì, mo gbàdúrà sí i, mo lọ.”

“Ṣé ẹ mọ̀ pé fáànù yẹn ń yí sódì?”

“Èmi? Mi ò mọ nǹkan kan. Gbọ́, Misbau. Bóo bá tú òwú yẹn, mi ò kọ́ ẹ níṣẹ́ rí. O kàn máa ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá ni.”

Ó gé fóònù. Misbaudeen yíjú sí Mutmainnah.

“Bí mo bá rọra tú u ní kọ̀rọ̀, tí mo dì í padà ńkọ́?”

“Bàbá mọ ìdì wọn bí wọ́n ṣe mọ ojú èmi ọmọ wọn. Lọ sọ fún wọn.”

“Kí n sọ fún àna mi pé ó so wáyà sódì?”

“Wọn ò tíì di àna ẹ.”

“Ìdí tí mi ò fi lè sọ ọ́ gan-an nìyẹn!”

Mutmainnah wò ó látòkèdélẹ̀, ó padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Misbaudeen pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. Kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó pinnu pé ẹnu lòun máa fi tún ọkọ̀ náà ṣe.

Nígbà tó di Sátidé, Alájì jókòó síwájú nínú agbádá funfun gbòò, Mutmainnah wà lẹ́yìn kó lè ṣe ẹlẹ́rìí, Misbaudeen wà nídìí sítíárì. Wọ́n gba Bẹẹrẹ, wọ́n gun Màpó, wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ lápá Ọjà'ba. Atẹ́gùn tutù. Alájì tiẹ̀ ń kọrin díẹ̀díẹ̀ nínú imú. Nígbà tó yá, wọ́n bá ọkọ̀ akẹ́rù kan tó gbé ìdí dí ọ̀nà, wọ́n ń já àlùbọ́sà nínú rẹ̀. Wọ́n dúró.

Orin imú ló kọ́kọ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà, atẹ́gùn yí padà, ó di lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó di gbígbóná. Ẹ̀kán òógùn kan yọ lábẹ́ fìlà Alájì, ó wo ọ̀tún wo òsì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀.

“Misbaudeen.”

“Sà.”

“Kí ló wà lójú mi yìí?”

Misbaudeen wò ó dáadáa. “Ó dà bí omi, sà.”

“Omi wo?”

Àkókò tó fẹ́ fẹnu ṣiṣẹ́ ti tó. Ó ti ro ọ̀rọ̀ náà láti ìrọ̀lẹ́ àná. Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, á di odindi.

“Alájì, fáànù yín ń ṣiṣẹ́ gan-an ni. Iṣẹ́ ọwọ́ yín ò ní àbùkù. Ọkọ̀ ló kọjú síbi tí kò yẹ.”

“Ọkọ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Fáànù ń tì síwájú, ọkọ̀ náà ń lọ síwájú. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn lọkọ̀ ń lọ ni, wàhálà ò bá má sí.”

Ó ń retí kí àbọ̀ ọ̀rọ̀ dé inú Alájì. Ó débẹ̀ lóòótọ́, ó sì di odindi, àmọ́ odindi ọ̀rọ̀ mìíràn.

“Gbé e sí rífáàsì,” ni Alájì wí.

“Sà?”

“Ṣé o ò gbọ́ ni? O ní bó bá ń lọ sẹ́yìn, á tutù. Gbé e sí rífáàsì. Ká padà dé Màpó.”

Àwọn ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn ti yí orí padà nígbà tí wọ́n rí àlùbọ́sà, nítorí náà ọ̀nà ṣí. Misbaudeen ò rí àwáwí kankan. Ó gbé e sí rífáàsì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn gun òkè Màpó, Mutmainnah dorí kọ gíláàsì ẹ̀yìn, ó ń darí rẹ̀.

“Ọ̀tún! Mo ní ọ̀tún! Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá onítòmátì. Misbau, ṣé ọ̀tún ẹ nìyẹn?”

“Alájì, ṣé ẹ gbàgbé nǹkan sílé ni?” oníbàtà kan bi wọ́n létí ọ̀nà. Alájì mirí sí i látẹ̀yìn gíláàsì, bí ẹni tó gbà pé bẹ́ẹ̀ ni.

“Bàbá, iwájú làwa ń wò bí a bá ń lọ o!” ọlọ́kadà kan ṣáátá wọn, ó kọjá.

Àwọn ọ̀dọ́ kan rò pé òṣèlú ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sáré tẹ̀lé ọkọ̀ náà, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn béèrè pé, “Ẹgbẹ́ wo ló ń lọ sẹ́yìn báyìí?” Èkejì dá a lóhùn pé, “Èwo ni kì í lọ sẹ́yìn nínú wọn?” Ìyẹn tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ lọ.

Nínú ọkọ̀, ooru ò dín. Agbádá Alájì ti lẹ̀ mọ́ ọn lára bí ewé ẹ̀kọ.

“Ṣé ó ti ń tutù?” ó béèrè.

“Ó ń múra àtitutù, sà.”

“Misbau.” Ohùn Mutmainnah ló dún látẹ̀yìn, kò pariwo rárá. “Mo fẹ́ sọ nǹkan fún ẹ. Bóo bá tún pa irọ́ kan sí i lórí òkè yìí, èmi fúnra mi ni màá sọ fún Bàbá pé mi ò fẹ́ ẹ mọ́. Ìwọ tóo lè fẹ̀yìn gbé bàbá mi gun Màpó torí pé ẹ̀rù ń bà ẹ́, ọjọ́ tí ẹ̀rù èmi bá bà ẹ́, ibo lo máa fẹ̀yìn gbé mi lọ?”

Misbaudeen tẹ bíréèkì. Ó fa ti ọwọ́. Ọkọ̀ náà dúró sí àárín òkè, ó ga lẹ́yìn, ó rẹlẹ̀ níwájú, àwọn ọ̀dọ́ náà sì dúró, wọ́n rò pé òṣèlú náà fẹ́ẹ́ sọ̀rọ̀ fún àwọn aráàlú.

“Alájì,” ni Misbaudeen wí, “ẹ̀yin lẹ so wáyà fáànù yẹn sódì. Ó yẹ kó máa fà, ó ń tì. Kò sí nǹkan mìíràn tó ṣe ọkọ̀ yìí.”

Fáànù nìkan ló ń pariwo. Alájì ṣí fìlà, ó wo inú rẹ̀ bí ẹni pé ẹnì kan fi èsì pamọ́ síbẹ̀ fún un, ó dé e padà.

“Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́?”

“Ọ̀gá Hezekiah, sà.”

“Ta ló kọ́ Hezekiah?”

“Ẹ̀yin ni, sà.”

“Nǹkan tóo mọ̀ yìí, ọ̀dọ̀ ta ló ti ṣàn wá?”

“Ọ̀dọ̀ yín ni, sà.”

“Ṣóo rí i báyìí? Èmi ni mo ṣì í, èmi náà ni mo rí i. Ìwọ wulẹ̀ ni ẹnu tí mo fi sọ ọ́.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Yé sọ bẹ́ẹ̀ ni sà fún mi! Bẹ́ẹ̀ ni sà ni gbogbo yín fi ń sè mí nínú ọkọ̀ láti ìgbà ààwẹ̀.”

Ó ṣílẹ̀kùn, ó bọ́ sílẹ̀, ó ní kí Misbaudeen ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kó sì mú bíléèdì wá. Wọ́n pa éésì. Alájì ká apá agbádá sí èjìká, ó gé òwú, ó tú téèpù, ó wo wáyà dúdú méjèèjì fúngbà díẹ̀ bí èèyàn ṣe ń wo ìbejì ẹlòmíì. Ó gbé ọ̀kan síbi èkejì. Nígbà tó tó kí wọ́n dì í, ó na téèpù sí Misbaudeen.

“Ìwọ dì í. Bó bá tún bà jẹ́, ẹnì kan á lè tú u.”

Misbaudeen dì í. Mutmainnah tan éésì. Fáànù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Alájì sì lọ dúró síwájú ọkọ̀ láti wò ó. Apá agbádá yẹn já bọ́ léjìká rẹ̀, ó fò, ó lọ lẹ̀ mọ́ iwájú ọkọ̀ gbàgà. Alájì fà á, kò wá. Àwọn ọ̀dọ́ náà bá a fà á. Ìgbà tí wọ́n pa fáànù ló tó jọ̀wọ́ ẹ̀. Apá náà ti dúdú pátápátá. Alájì wò ó, fúngbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ yẹn, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kúkúrú kan báyìí.

Wọ́n padà sínú ọkọ̀, wọ́n tan gbogbo ẹ̀ padà. Wọ́n jókòó síbẹ̀ láìlọ síbì kankan. Ooru kọ́kọ́ dín, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó wá tutù. Òógùn ojú Alájì gbẹ. Alájì yíjú sí Misbaudeen.

“Ṣé bàbá ẹ wà láyé?”

“Wọ́n wà, sà.”

“Ní kó wá rí mi lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun. Kó mú àwọn àgbà bíi méjì dání. Kó má mú ẹnì kankan tó bá máa ń ṣàwàdà.”

Misbaudeen fẹ́ dọ̀bálẹ̀, àmọ́ kò síbi tí wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ sí nídìí sítíárì. Ó bá forí balẹ̀ sórí sítíárì náà. Fèrè ọkọ̀ dún, ó sì ń dún lọ.

“Ẹnì kan ò tíì bi èmi léèrè o,” Mutmainnah pariwo látẹ̀yìn.

Alájì yíjú sí i. “Ó dáa. Ṣóo fẹ́ ẹ?”

“Ẹ ní kó kọ́kọ́ gbé orí ẹ̀ kúrò lórí fèrè ná.”

Misbaudeen gbé orí sókè. Fèrè dákẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ náà dorí kọ gíláàsì, wọ́n ń dúró dè é.

“Mo fẹ́ ẹ,” ni Mutmainnah wí. “Ó yá, máa wakọ̀.”